Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn wa ní London, ẹ wá bá àwọn ìjọ yòókù jókòó

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń ya fọ́tò ìwé ìròyìn yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, àtàǹpàkò rẹ̀ a sì máa bo ìlà kan tàbí méjì mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì yé dá sí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ àti owó ilé, pé ìwàásù àti àdúrà ni Ọlọ́run rán ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti olóṣèlú. Ó wá fi àwa tí a wà ní London ṣe àpẹẹrẹ: ẹ wo bí ìjọ wọn ṣe ń gbilẹ̀, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa wa yẹn ló mú mi kọ̀wé. A ń gbilẹ̀ lóòótọ́. Pé a kì í bá ẹnikẹ́ni fà á ni kò dára.

Peckham ni mò ń gbé, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni mí. Iṣẹ́ kílínà ni mo fi tọ́ àwọn ìbejì mi. Òru ni mò ń ṣe é, ní Canary Wharf, nínú ilé gogoro tí àwọn oníbáǹkì ń lò. Bí àwọn tó ni tábìlì bá ti lọ sílé ni àwa ń wọlé, pẹ̀lú báágì dúdú àti ẹ̀rọ afa-eruku tí wáyà rẹ̀ kì í gùn dé igun yàrá. Kì í ṣe báǹkì ló gbà wá síṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wá, báǹkì ló gba agbaṣẹ́ṣe. Bí owó bá dín, agbaṣẹ́ṣe á ní báǹkì ni kò san tó, báǹkì á ní òun ò mọ̀ wá rí. Kò sí owó ọjọ́ àìsàn. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, o lè jókòó tì í, ṣùgbọ́n owó alẹ́ ọjọ́ yẹn ti lọ. Tí mo bá sì kúrò níbẹ̀ láàárọ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan ní New Cross ni mò ń lọ gbá nígbà náà kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó dé. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni èmi àti àwọn ọmọ tèmi ń wà pọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á sùn lé mi léjìká, èmi náà á sì máa tòògbé sínú ìwàásù.

Ta ló rí wa? Kì í ṣe olóṣèlú. Ní East London, ní 1996, àwọn ìjọ Àgùdà, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TELCO. Àwọn Mùsùlùmí wà nínú rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́. Nígbà tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ ìjọ wọn léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú, wọn ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí òkùnkùn. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni iṣẹ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, owó tí kò tó, ọmọ tí kò rí òbí. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù ti wà nígbà náà, láti 1999, £3.60 fún wákàtí kan. Ta ni ó lè fi ìyẹn sanwó ilé ní London? Ní 2001 ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún owó tó tó gbọ́ bùkátà, tí ayé mọ̀ sí Living Wage lónìí. Inú àwọn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lórí àga onírin tí wọ́n ń ká jọ.

Kí òǹkọ̀wé yẹn jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún un. Ní 2003, ní ìpàdé ọdọọdún àwọn tó ní ṣíà nínú báǹkì HSBC, ọkùnrin kan dìde. Abdul Durrant lorúkọ rẹ̀, agbálẹ̀ òru ni ní orílé-iṣẹ́ báǹkì náà. Alága báǹkì, Sir John Bond, ló dojú kọ, ó sì sọ fún un níwájú gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ń gbọn eruku kúrò ní ọ́fíìsì ọ̀gá ṣe ń gbé ayé. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Kí 2004 tó parí, HSBC àti Barclays ti gbà kí owó àwọn agbálẹ̀ wọn ní Canary Wharf gòkè. Ní 2005, ọ́fíìsì olórí ìlú London, Ken Livingstone nígbà náà, gbé iye kan jáde fún ìgbà àkọ́kọ́: £6.70, nígbà tí òfin ṣì wà ní £4.85. Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìdíje Olympics ti 2012 ń bọ̀ wá sí ìhà ìlà-oòrùn London, àwọn ìjọ yìí kan náà ló ní àfi kí wọ́n ṣèlérí owó yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Ní oṣù kẹwàá 2025 iye tuntun jáde, £14.80 ní London. Òfin ìjọba fúnra rẹ̀ wà ní £12.21 lásìkò yẹn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 lọ́sẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ lé ní £90 lọ́sẹ̀ kan. Ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé náà bóyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìyẹn. Kí ó padà lọ wo ohun tí Jákọ́bù sọ nípa owó ọ̀yà tí àwọn ọlọ́rọ̀ dì mọ́wọ́.

Báwo lèmi ṣe dé ibẹ̀? Arábìnrin Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ Àgùdà kan, nígbà tí South London Citizens, irú ẹgbẹ́ TELCO ti ìhà gúúsù London, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Mo rò pé ìsọjí ni. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Tíì ló wà níbẹ̀ àti bisikíìtì. Sístà kan tó jẹ́ ọmọ Ireland, àgbàlagbà, jókòó tì mí, ó ní, "Kí ló ń bí ọ nínú?" Mo wò ó títí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé London, wọ́n ti bi mí léèrè nọ́ńbà ìwé ìgbéèlú mi, ọjọ́ ìbí mi, àti ìdámẹ́wàá mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tó ń bí mi nínú rí. Mo sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń gbóná fún un, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ èkejì rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo lọ ń fọ ilé ìyàgbẹ́ àwọn tó ń sùn. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin.

Wọn ò gbàdúrà ìtúsílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni kí n wá sọ ohun tí mo sọ yẹn níwájú ọ̀gá àwọn agbaṣẹ́ṣe wa, kí n sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí n má sì sunkún. Wọ́n di aago mú, wọ́n ní kí n tún un sọ. Ó gùn jù. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀rọ̀ ọkọ mi kúrò, kò kan agbaṣẹ́ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pé, fàdá wà lápá ọ̀tún mi, pásítọ̀ àwọn ará Jamaica wà lápá òsì, ọ̀gá náà sì ń wo ife omi tó wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà fàdá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé. Fàdá ní kò burú, ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, wọn ì báà bá mánéjà kékeré sọ̀rọ̀ tàbí àwọn tó ń du ipò olórí ìlú. Ní oṣù kẹrin 2016, ní Copper Box ní Stratford, Sadiq Khan àti Zac Goldsmith dúró níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì dáhùn.

Owó wa gòkè. Mo fi iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn dídùn kan ni mò ń pa o: nígbà tí owó wákàtí gòkè, agbaṣẹ́ṣe gé wákàtí kúrò, ilẹ̀ tí a ń gbá ò sì dín ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àfi ìgbà tí a tún padà lọ. Ìpàdé wọn náà a máa pọ̀ jù, àwọn òyìnbó kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ìyà wa bíi pé àwọn ló kọ́kọ́ rí i. Mo máa ń fún wọn ní tíì, mo máa ń gbà wọ́n láyè.

Wàyí o, ohun tó ń dùn mí. Nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn, tí mo bá gbójú sókè, màá rí àwọn Àgùdà láti Philippines àti Colombia, màá rí àwọn ará Jamaica, màá rí ọmọ Yorùbá lọ́pọ̀lọpọ̀ tí wọ́n jókòó sábẹ́ àsíá Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ tí Yorùbá fúnra wọn dá sílẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ṣé a ò pọ̀ ni? Ní 2013, Yunifásítì Roehampton ka ṣọ́ọ̀ṣì àwọn adúláwọ̀ ní Southwark, agbègbè káńsù kan ṣoṣo, wọ́n ka 240. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lójú Old Kent Road àti àyíká rẹ̀, nínú ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ ẹrù. Mo mọ ilé kan tí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Bí tòkè bá ń kọrin ìyìn, tàárín á máa lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, tìsàlẹ̀ á ti yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè kí tiwọn lè borí. Àwọn pásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn.

Mi ò ní sọ pé a kì í ṣe nǹkan kan. Láti 1989 ni àwọn ìjọ ní Peckham ti para pọ̀ dá Pecan sílẹ̀ láti bá àwọn tí kò níṣẹ́ wá ojútùú, òun náà ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní ní Southwark. Ní 2003, Les Isaac, ọmọ Antigua, bẹ̀rẹ̀ Street Pastors ní Brixton nígbà tí ìbọn ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ oríṣiríṣi ìjọ ni wọ́n, wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa rìn káàkiri lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, wọ́n á fún ẹni tó ti mutí yó lómi, wọ́n á fún ọmọbìnrin tó bọ́ bàtà gogoro sọ́wọ́ ní sílípáàsì. Àwọn ìyá tiwa wà níbẹ̀, mo sì fi wọ́n yangàn. Nígbà òtútù, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan máa ń pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn kí àwọn tí kò nílé lè rí ibi sùn. Ìrẹsì wa máa ń dé ibẹ̀ nínú kúlà ńlá, gbígbóná.

Ìrẹsì kò ṣòro fún wa. Kí a béèrè ìdí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru fi wá ń tò fún ìrẹsì ni àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún wòlíì wa pé mo fẹ́ mú àwọn ọmọ ìjọ díẹ̀ lọ sí ìpàdé, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ayé kì í ṣe ilé wa, àlejò ni wá níbí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ṣùgbọ́n àlejò náà ń sanwó ilé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò sì lọ.

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, kò sì yẹ kí n máa ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lára àwọn tó kún ìjọ wa, àwọn kan wà tí kò ní pépà. Pásítọ̀ tó bá ń jáde sí gbangba, ó ń ro ti ọlọ́pàá ìwọlé-wọ̀de tó lè wá yọjú lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ta ló gbé ọ̀rọ̀ àwọn aláìnípépà lọ sí gbangba ní London? Ọjọ́ keje oṣù karùn-ún 2007, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa la kún Trafalgar Square lábẹ́ ìpolongo Strangers into Citizens, tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a béèrè ni pé kí ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́rin gba ìwé iṣẹ́ ọdún méjì, tí ìwà rẹ̀ bá dára kí wọ́n fún un ní ìgbéèlú. Òfin ò yí padà, a kùnà níbẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní South London ti ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àwọn tó ń tò ní Lunar House ní Croydon, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọlé-wọ̀de. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń tò lẹ́nu wò, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà. Croydon! Ibi tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nínú ìjọ wa, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe "Jésù". Àwọn Àgùdà àti Áńgílíkà ló lọ jẹ́rìí fún wa níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n tiwa tún yàtọ̀: a dákẹ́, ẹlòmíràn ń bá wa sọ ọ́, a ò tilẹ̀ lọ dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ sì ti dé orí àwọn pásítọ̀ fúnra wọn báyìí. Káńsù Southwark ní ètò láti kọ́ ilé ìgbé 20,000 sí agbègbè Old Kent Road. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń jọ́sìn nínú rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ yẹn. Láti ọdún pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìlò ilé ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, tí pásítọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá gba lọ́yà tirẹ̀, tó ń dá lọ sí káńsù pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti akọ̀wé ìjọ. Ènìyàn mẹ́ta níwájú káńsù! Bí ìdá mẹ́rin ìjọ 240 bá jókòó pọ̀, tí fàdá àti àwọn Mẹ́tọ́díìsì sì wà lẹ́yìn wọn, ta ni káńsẹ́lọ̀ tí kò ní gbé àga fún wọn? Ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ yẹn náà ńkọ́? Mélòó nínú rẹ̀ ni agbálẹ̀ lè gbé? Ní Mile End, níbi tó ti jẹ́ ilé ìwòsàn St Clements tẹ́lẹ̀, ìjà tí àwọn ìjọ yìí jà ló bí ilé 23 tí iye owó rẹ̀ dúró lórí ohun tí òṣìṣẹ́ àdúgbò ń gbà, kì í ṣe lórí ohun tí ọjà sọ. Àwọn tó ni wọ́n kó wọlé ní 2017. Ilé 23 kéré, mo mọ̀. Ní Old Kent Road, èwo la ní?

Kí n tún fi ọ̀kan kún un, kí wọ́n má bínú sí mi. Àwọn ìjọ wa ń sanwó fún onílù, fún onídùùrù, fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to àga tó sì ń fọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Èló ni wọ́n ń fún wọn fún wákàtí kan? Àbí "Ọlọ́run á san án fún ọ" ni? Kí a tó lọ bá báǹkì, ó yẹ kí a ti ka ìwé owó tiwa wò.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn bàbá wa, àwọn pásítọ̀, àwọn wòlíì àti àwọn ìyá ìjọ wa ní Peckham, Camberwell, Woolwich àti Tottenham fún kò pọ̀. Kí wọ́n rán ènìyàn méjì péré lọ sí ìpàdé àwọn ìjọ tó wà ní àdúgbò wọn. Kí wọ́n kọ iye Living Wage ti London sínú ìwé ìkéde ọjọ́ Ìsinmi, kí ọmọ ìjọ tó ń gba iye tí òfin sọ nìkan lè mọ̀ pé iye mìíràn wà tó lè béèrè fún. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin sì ni a ń dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ ní gbogbo London. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni kò mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ní ìwé ìgbéèlú níbí lè dìbò, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa yẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni ní ibùdó ìdìbò. Òfin ò gba ṣọ́ọ̀ṣì láyè láti sọ ẹni tí ọmọ ìjọ máa dìbò fún, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí wọ́n má ran ọmọ ìjọ lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n lò jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lẹ́yìn ìsìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìdámẹ́wàá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà, nọ́ńbà National Insurance ni kí wọ́n ní kí kálukú mú wá.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Peckham, London.